Físà Faransé ò dé Lọ́ńdọ̀nù o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Ìpẹru ni mí, Faransé ni mo kà ní yunifásítì. Wọ́n ti mú mi pé kí n wá ṣe asístáǹtì ní ilẹ̀ Faransé, kí n máa bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ Gẹ̀ẹ́sì, láti October dé April. Mo fẹ́ fi rìn ká Yúróòpù díẹ̀. Ejẹ́ǹtì kan ní Ṣàgámù ní kí n sanwó kí òun bá mi gba físà Schengen lọ́tọ̀, pé ìyẹn ni mo máa fi wọ tiréènì lọ kí àǹtí mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní Kérésì. Ṣé kí n san án mà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Ǹ bá dúró síbẹ̀, àmọ́ ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó ń bi mí, ọ̀rọ̀ àwọn ejẹ́ǹtì yìí sì ti sú mi.

Físà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ páàsípọ́ọ̀tù ẹ, físà ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, VLS-TS ni wọ́n ń pè é, òun náà ló tún jẹ́ ìwé ìgbélùú ẹ. Faransé sì wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ṣí bodè sílẹ̀ fún ara wọn, 29 ni wọ́n. Ìwé kan náà yẹn á gbé ẹ dé Ítálì, Sípéènì, Jámánì, àní Switzerland tí kò sí nínú EU (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù) rárá, fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180, wọn ò sì ní ka ọjọ́ tó o bá lò ní Faransé mọ́ ọn. Kí wá ni bàbá yìí fẹ́ tà? Ewùrà oko bàbá ẹ ló fẹ́ tà fún ẹ kó o fi ro ìkókorẹ́.

Ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ìlú Ọba ò sí nínú Schengen, kò sí níbẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú EU. Eurostar, tiréènì tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, ń gbéra ní ibùdókọ̀ Gare du Nord ní Paris lóòótọ́, àmọ́ àwọn aṣọ́bodè Ìlú Ọba wà nínú ibùdókọ̀ yẹn, ní Paris níbẹ̀, wọ́n á yẹ ìwé ẹ wò kó o tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Ẹni tó bá mú páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wá láìní físà Ìlú Ọba, ẹ̀yìn ló ń padà sí, tíkẹ́ẹ̀tì á sì gbé. Ó yá, gba físà tiwọn lọ́tọ̀, tàbí kí àǹtí wá bá ẹ ní Paris, tí wọ́n bá ti ní páàsípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ó rọrùn fún wọn jù ẹ́ lọ.

Ohun tó yẹ kí ejẹ́ǹtì sọ tí kò sọ rèé: tó o bá débẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́ta, wàá wọ sáìtì ìjọba Faransé lọ fìdí físà yẹn múlẹ̀, wàá san owó sítáǹbù, wọ́n á fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí ẹ. Fóònù ẹ lo máa fi ṣe é, kò sẹ́ni tó yẹ kó gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá gbàgbé tí oṣù mẹ́ta kọjá, o ò ní àṣẹ àtigbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin mọ́ nìyẹn, tó o bá sì jáde, ìwọlé padà di wàhálà.

Má sì fi ìwé ẹ̀rí yẹn sílé. Èmi tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo ṣe asístáǹtì, mò ń bọ̀ láti Ventimiglia ní Ítálì, a dé Menton Garavan, ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Faransé, ọlọ́pàá wọ tiréènì, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, ọ̀dọ̀ àwa dúdú mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ni wọ́n forí lé. Páàsípọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ mi, ìwé ẹ̀rí wà lábẹ́ ìrọ̀rí nílé. Wọ́n ní kí n bọ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì, yanrìn òkun ṣì wà nínú bàtà mi, kí wọ́n tó rí orúkọ mi nínú kọ̀ǹpútà wọn.

Ti ìrìn fúnra ẹ̀ ò le. Wákàtí 12 péré ni iṣẹ́ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n má retí Paris o, ìlú kékeré ni wọ́n sábà máa ń gbé èèyàn sí, tó bá di Sunday wàá rò pé gbogbo ìlú ti lọ ìnáwó, ṣọ́ọ̀bù á tì, bọ́ọ̀sì á ṣọ̀wọ́n. Họ́lídè ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kó o fi rìn jìnnà: ìparí October, Kérésì, àti èyí tó wà láàárín February sí March, àmọ́ ìyẹn ò bọ́ sí ọjọ́ kan náà káàkiri, wo zone tiyín, ìyẹn agbègbè họ́lídè tí ìlú ẹ bọ́ sí, kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tó ò bá tíì pé 28, ra Carte Avantage Jeune, káàdì ẹ̀dínwó tiréènì fún àwọn ọ̀dọ́, yúrò 49 ni fún ọdún kan, ó ń yọ 30% nínú owó tiréènì.

Má lọ ṣiṣẹ́ míì láìbéèrè, iṣẹ́ yìí ni wọ́n torí ẹ̀ fún ẹ ní físà. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, tíṣà Faransé ni mí, òfin a sì máa yí, ohun tí kọ́ńsúlétì bá kọ fún ẹ ni kó o tẹ̀lé.

Gàrí Ìjẹ̀bú lè bá ẹ lọ, pọ̀nmọ́ ò gbọdọ̀ bá ẹ lọ. Owó ejẹ́ǹtì yẹn, tọ́jú ẹ̀ de October, torí owó oṣù àkọ́kọ́ lè pẹ́ kó tó wọlé, onílé á sì ti ní kó o mú kọ́ṣọ̀n fíì wá.