Ta ló ní kí o mọ gbogbo rẹ̀ tán?

Lẹ́tà tó dé lórí ẹ̀kọ́ International Studies, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò, lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bóyá àsìkò tí àwọn ọmọ ń yan kọ́ọ̀sì ló fà á. Ẹ̀kọ́ yìí lèmi náà kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ òkun ni mo fi jẹun lẹ́yìn náà, kí n tó yà sídìí kíkọ́ àwọn ọmọléèwé. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà. Ẹ ó rí i pé mo pẹ́ lórí èyí àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì ni mo wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, mo máa ń jókòó ní kíláàsì ìtàn, ètò ọrọ̀ ajé, òfin àgbáyé, jọ́gíráfì àti èdè Faransé. Olùkọ́ ìtàn ní àròkọ mi kò ní ẹ̀rí kankan látinú àkọsílẹ̀ ìgbà náà. Olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé fi bírò pupa kọ ọ́ sétí ìwé mi pé, "Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, òǹkà dà?" Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ètò ọrọ̀ ajé nìkan wá sọ pé mo kàn ń tọ́ gbogbo nǹkan wò ni, pé kò sí èyí tí mo mọ̀ délẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn mí, nítorí ó jọ pé òótọ́ ló sọ. Ṣé kí n yí kọ́ọ̀sì padà ni? — Ọmọ Ọdún Kejì

ÈSÌ: Àbúrò mi, òótọ́ wà nínú ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Àwọn kan wà tó ń ṣa kọ́ọ̀sì bó ṣe wù wọ́n, èyí tó rọrùn lónìí, èyí tí olùkọ́ rẹ̀ máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lọ́la, tí wọ́n á sì parí láìmọ ohun tí àwọn kà. Mo ti jókòó ti irú wọn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́. Bí o bá bi wọ́n ní ìbéèrè kan, ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní parí ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní tìtorí kí èèyàn lè mọ gbogbo nǹkan ni wọ́n ṣe dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ kò mọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 1919 ni wọ́n dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ìṣèlú àgbáyé sílẹ̀, ní Aberystwyth nílẹ̀ Wales. Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Ohun tó ń jẹ àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́kàn ni pé kí ló ń fa irú ogun bẹ́ẹ̀, báwo ni kò ṣe ní wáyé mọ́? Ìbéèrè yẹn ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò ká a ni wọ́n wá ń ké sí ìtàn, òfin àti ètò ọrọ̀ ajé.

Jẹ́ kí n fi ohun tó sún mọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe hàn ọ́. Lóṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Ever Given, tí gígùn rẹ̀ tó 400 mítà, dábùú Suez Canal, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ òkun ní Íjíbítì, ó sì há síbẹ̀ gbágbáágbá. Odidi ọjọ́ mẹ́fà ni ọkọ̀ kankan ò fi lè kọjá. Wo àwọn tọ́rọ̀ kàn. Àwọn ará Japan ló ni ọkọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ Taiwan kan ló ń fi í kó ẹrù. Ilé iṣẹ́ Jámánì kan ló ń bójú tó iṣẹ́ inú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ni gbogbo àwọn atukọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Panama ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àsíá Panama ló sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀. Ó yá, ta ló máa sanwó?

Bí o bá mú un lọ bá amòfin, ó máa ní kí o kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn. Ó máa sọ fún ọ pé bí atọ́nà ọkọ̀ láti Suez bá tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ọ̀gá atukọ̀ ni òfin ibẹ̀ ṣì máa ń di ẹrù ẹ̀bi rù. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé máa ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún òwò àgbáyé ló ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà náà, yóò wá máa ṣírò ohun tí ìdádúró ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ná àwọn èèyàn. Onímọ̀ jọ́gíráfì máa na ìka sí ìsàlẹ̀ Áfíríkà, pé ibẹ̀ ni ọ̀nà kejì, àti pé ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ máa fi pẹ́ sí i bó bá gba ibẹ̀. Òpìtàn ní tirẹ̀ máa bi ọ́ pé báwo ló tiẹ̀ ṣe jẹ́ Íjíbítì ló ni omi náà. Ọdún 1869 ni wọ́n ṣí i, ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ àwọn òyìnbó Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń jẹ èrè rẹ̀ títí di oṣù keje ọdún 1956, tí Ààrẹ Nasser gbà á fún ìjọba Íjíbítì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n yọ ọkọ̀ náà tán, ilé ẹjọ́ Íjíbítì ló ní kí wọ́n dá a dúró, tí àwọn aláṣẹ Suez ń béèrè $916 mílíọ̀nù. Oṣù keje ló tó kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúnàádúrà.

Èyí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu jù ni ti òfin àtijọ́ kan lórí òkun: bí wọ́n bá náwó nínájù láti gba ọkọ̀ là nínú ewu, gbogbo ẹni tó ní ẹrù nínú rẹ̀ ló máa dá sí owó náà. Àwọn tó ni Ever Given pe òfin yẹn jáde. Ẹni tí kọ̀ntéénà bàtà rẹ̀ kò ní ìdọ̀tí lára rárá wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró sílẹ̀ kó tó lè gba ẹrù rẹ̀. Nídìí iṣẹ́ wa, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni a máa ń kọ sí àwọn oníṣòwò, àwọn náà á sì fi ìbínú pè wá lórí fóònù. Ẹni tó mọ òfin nìkan á kà á sí wọn létí bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹni tó mọ ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi wà, ọ̀nà tí òwò ń gbà rìn, àti èdè tí oníbàárà gbọ́, ni wọ́n máa ń gbé fóònù fún.

Nítorí náà, má yí kọ́ọ̀sì padà. Yan ẹ̀ka kan ṣoṣo kó jẹ́ òpó ilé rẹ, kí ìyókù wá jẹ́ ògiri. Bó o bá yan ètò ọrọ̀ ajé, má dúró sórí kọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ọdún kìíní níbẹ̀, gbà á dé ọdún tó kẹ́yìn, kí o sì ṣe kọ́ọ̀sì statistics, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi òǹkà ṣe ìwádìí, tí gbogbo èèyàn ń sá fún. Bó bá jẹ́ ìtàn, wá ọ̀nà láti fi ọwọ́ ara rẹ tú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́. Tèmi ni pé kí o mú èyí tó ní ìṣirò nínú, nítorí èèyàn lè dá ìtàn kà nílé nígbà tó bá dàgbà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni púpọ̀ tó dá statistics kọ́ lẹ́yìn tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ ìtàn rẹ kò ní gbà fún mi. Òun kọ́ ló ni ojú ìwé yìí.

Ní ti àwọn olùkọ́ méjèèjì tó ń fà ọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tí kálukú kà sí ẹ̀rí ló yàtọ̀. Olùkọ́ ìtàn fẹ́ mọ ẹni tó kọ ìwé, ìgbà tó kọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ sí. Ti ètò ọrọ̀ ajé fẹ́ mọ ohun tí o fi wé ohun mìíràn. Ti òfin fẹ́ mọ abala wo nínú àdéhùn wo, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kọ ojú ewé kan lórí rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra, o ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làálàá o. Òfin ni mo fẹ́ kí àkọ́bí mi kà. Ó fárígá, ó ní International Studies lòun fẹ́, pé òun máa di aṣojú orílẹ̀-èdè lókè òkun. Tí wọn ò bá wá fi ṣe aṣojú ńkọ́? Kí ló fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí yẹn ṣe? — Ìyá Àkọ́bí

ÈSÌ: Mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. N ò ní tàn yín: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé sí ẹ̀kọ́ yìí ló ń rò pé àwọn máa di aṣojú, díẹ̀ ló ń débẹ̀. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìdánwò ni wọ́n fi ń mú èèyàn sẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹni tó ka òfin tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ sì lè jókòó fún un bákan náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ní ìdánwò fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 32 lọ, tí wọ́n ní ó kéré tán oyè àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé dáadáa. Àmọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ ọdún náà nìkan ló lè ṣe é.

Àwọn tá a jọ kẹ́kọ̀ọ́ wà nílé iṣẹ́ ìròyìn, nídìí iṣẹ́ ògbufọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín ìrànwọ́ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, àti ní báńkì. Ẹ má jẹ́ kí ti báńkì yà yín lẹ́nu. Kí owó kan tó ré kọjá ẹnubodè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí wà lára àwọn tí ìjọba fòfin de. Orúkọ lè jọra. Ẹni tó mọ bí àwọn ará ilẹ̀ kan ṣe ń sọmọ lórúkọ, tó sì mọ ìdí tí wọ́n fi fòfin de ibẹ̀, ló máa mọ̀ bóyá ọ̀daràn ni oníbàárà yẹn àbí bàbá arúgbó tó ń retí owó lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà òfin náà kò tíì dí mọ́ ọn. Láwọn ibì kan, bí Amẹ́ríkà, ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn ló ń wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ohun kan ni kí ẹ bá mi ṣe kí ẹ tó sanwó: ẹ ní kí ilé ẹ̀kọ́ náà fi àkọsílẹ̀ àwọn kọ́ọ̀sì tó di dandan hàn yín. Bí kò bá sí èdè níbẹ̀, tí kò sí kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, ẹ mú ọmọ yín lọ síbòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà. Àkòrí tí mo mú lọ ni "Ipa Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé Nínú Àlàáfíà Ayé." Alábòójútó mi ní ó ti fẹ̀ jù. Mo fi "Ní Áfíríkà" kún un, ó tún ní ó fẹ̀. Ó ti sú mi. — Aláròkọ

ÈSÌ: Ó yẹ kó sú alábòójútó rẹ náà. Orílẹ̀-èdè 193 ló wà nínú àjọ yẹn, láti 1945 ló sì ti wà. Àwòrán ilẹ̀ lo fi ń gé àkòrí rẹ, o sì lè gé e títí dé abúlé kan kó ṣì fẹ̀. Ìpinnu kan ni kí o mú.

Wo èyí. Lẹ́yìn tí Nasser gba Suez, Ísírẹ́lì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbógun ti Íjíbítì. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1956, Amẹ́ríkà gbé àbá kan wá síwájú Ìgbìmọ̀ Aláàbò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì lo àṣẹ fítò láti pa á. Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Àpéjọ Gbogbogbòò, níbi tí fítò ò ti ṣiṣẹ́, lábẹ́ ìpinnu 377 tí wọ́n ti ṣe lọ́dún 1950. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 4 oṣù kọkànlá, Lester Pearson láti Kánádà gbé àbá wá pé kí wọ́n ṣètò ọmọ ogun àjọ náà láti dúró láàárín wọn. Orílẹ̀-èdè 57 gbà, 19 yẹra, kò sí ẹyọ kan tó lòdì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wà lára àwọn tó yẹra.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn tí àwọn tó ń pa àbá tẹ́lẹ̀ fi dákẹ́? Ìbéèrè tó tó àròkọ kan nìyẹn. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ nípàdé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nínú ilé ìkàwé àjọ náà. Ọ̀rọ̀ owó pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń já wálẹ̀ nígbà náà wà níbẹ̀ fún onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ti fítò wà fún onímọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n má jí àpẹẹrẹ mi gbé o, alábòójútó rẹ náà lè máa ka ìwé ìròyìn yìí. Wá ìdìbò tìrẹ.

ÌBÉÈRÈ: Faransé tàbí èdè Ṣáínà? N kò gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì, wọ́n sì ní mo gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. — Ẹni Tó Ń Múra Sílẹ̀

ÈSÌ: Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àjọ àgbáyé lo ní lọ́kàn, Faransé. Èdè mẹ́fà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn, àwọn méjèèjì yìí náà sì ni èdè Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Bó bá jẹ́ òwò, tàbí bí ilẹ̀ Ṣáínà fúnra rẹ̀ bá ń wù ọ́, kọ́ ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n mọ ohun tí o ń kó sí. Àwọn tó ń kọ́ àwọn aṣojú Amẹ́ríkà lédè ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílò nǹkan bíi wákàtí 2,200 ní kíláàsì kó tó lè fi èdè Ṣáínà ṣiṣẹ́. Ti Faransé kò ju bí ìdá mẹ́ta ìyẹn lọ. Má kọ́ méjèèjì pọ̀. Ọdún kìíní gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi ọdún kẹta rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè òkun fún pàṣípààrọ̀, wọ́n sì lè dán èdè rẹ wò kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ sí i.