Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré ni ìyà fi ń jẹ mí?

Ìbéèrè: Pásítọ̀, ó ti lé lọ́dún kan tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti dá ọkọ mi dúbúlẹ̀, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jiná. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Wòlíì kan ní Ọ̀ffà níbí ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Ó ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, kí n ta máṣíìnì mi fi ṣe irúgbìn, kí n sì máa fi òróró tí òun tà fún mi pa egbò náà. Ṣé ààwẹ̀ ọjọ́ 21 tó kí ìgbàgbọ́ mi tó dàgbà?

Ìdáhùn: Màmá, n kò ní bá yín ka ọjọ́ ààwẹ̀, nítorí ibi tí ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ló wọ́. Ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bi mí ní irú rẹ̀, láti Ọ̀mù-Àrán títí dé Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń bí mi nínú: ẹnìkan á fi ìyà tó ń jẹ ọmọ ẹlòmíràn wọn ìgbàgbọ́ rẹ̀, á ní ó kéré, á wá dá iye tí yóò san kó lè tóbi.

Ẹ ṣí Máàkù orí 9. Bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù kò fi ìgbàgbọ́ ńlá yangàn; ohun tó sọ ni pé, "Mo gbàgbọ́; ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù kò lé e padà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wo ọmọ náà sàn. Wọ́n á ní Jésù ṣáà dárúkọ àdúrà àti ààwẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí kò rí ẹ̀mí náà lé jáde ló ń bá wí nínú ilé, kì í ṣe bàbá ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ààwẹ̀ ọjọ́ 21, ẹ jẹ́ kí wòlíì náà gbà á.

Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀, ìdáhùn tó sì gbà ni pé, "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Àpósítélì Babalọlá, ọmọ Òdò-Ọwà ní gúúsù Kwara wa níbí, ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní ní 1932. Ta ló máa dìde sọ pé ìgbàgbọ́ tiwọn ló kéré?

Sùúrù tí Róòmù orí 5 ní ìpọ́njú ń bí, nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, dídúró lábẹ́ ẹrù ló jẹ́. Mo bẹ ìyá kan wò nígbà kan tó fi káàdì ọsíbítù ọmọ rẹ̀ sínú Bíbélì, ní Sáàmù 88, níbi tí ẹni tó wà nínú ìpọ́njú ti ń ké pe Ọlọ́run. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà títí dé ìparí, níbi tí òkùnkùn gbé parí rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Pásítọ̀, kò mà dá a lóhùn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Síbẹ̀, Òun náà ló ń bá sọ̀rọ̀." Ìgbàgbọ́ tó ń dàgbà ni mo rí lọ́jọ́ náà, ọmọ náà kò sì tíì dìde lórí àkéte.

Ẹ má ta máṣíìnì yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀ fúnra yín láti súnmọ́ Ọlọ́run, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n bàbá kò gbọ́dọ̀ bá yín gbà á láìjẹ́ pé dókítà gbà bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró. N kì í ṣe dókítà, n kò sì rí ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé egbò onítọ̀ ṣúgà kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsíbítù lọ́sẹ̀ yìí. Ní ti òróró yẹn, n kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ má fi kan egbò náà, ẹ má sì fi dín dòdò.