Ìpele wo ni Frauen-Regionalliga Nordost wà nínú bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní Jámánì?

Ìpele kẹta ni. Frauen-Bundesliga ló wà lókè pátápátá, 2. Frauen-Bundesliga ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni líìgì ẹkùn márùn-ún tí ipò wọn dọ́gba: Nord, Nordost, West, Südwest àti Süd. Títí di 2004, ìpele kejì ni líìgì ẹkùn wà. Dídá tí wọ́n dá 2. Bundesliga sílẹ̀ ló sún un wálẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ Berlin, Brandenburg, Mecklenburg-Vorpommern, Sachsen, Sachsen-Anhalt àti Thüringen ló ń gbá Nordost, NOFV, ìyẹn àjọ bọ́ọ̀lù ẹkùn àríwá ìlà-oòrùn Jámánì, ló sì ń bójú tó o.

Kéèyàn gba ipò kìíní níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti gòkè. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ márùn-ún tó bá gba líìgì ẹkùn wọn ló ń gòkè tààrà. Àwọn kan ṣì ní láti bá ara wọn gbá a nílé àti lóde. Ọ̀nà yìí ni Union Berlin gbà gòkè ní 2024, nígbà tó sì máa fi di 2025, wọ́n ti wọ Bundesliga. Ti ẹgbẹ́ kejì, ìyẹn àwọn tó ní “II” lára orúkọ, yàtọ̀ díẹ̀: wọn ò lè gòkè wọ ìpele tí ẹgbẹ́ àgbà wọn bá wà.