Ṣé kí mútúẹ́ẹ̀lì wa wọ àjọ ńlá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akọ̀wé mútúẹ́ẹ̀lì ìlera kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ìyẹn ẹgbẹ́ tí à ń dá owó sí láti fi tọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣàìsàn. Àwa alátà, ẹlẹ́pà àti aránṣọ la dá a sílẹ̀. A tó 200, oníkálukú ń dá 500 fúráǹkì lóṣù. Àwọn kan ní kí á wọ àjọ tó kó àwọn mútúẹ́ẹ̀lì pọ̀, kí á máa yọ nínú owó wa fún wọn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní àpótí wa ni wọ́n fẹ́ gbà. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. Owó yín jẹ́ 1,200,000 lọ́dún bí gbogbo yín bá san án pé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé wọn kì í san án pé. Ká ní ibà dá 40 dùbúlẹ̀ nígbà òjò, ní 15,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan: 600,000 ti lọ. Kí ẹni mẹ́ta ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá ní 150,000: 450,000 tún lọ. Ó ku 150,000, ẹ ò sì tíì ra ìwé rìsíìtì. Bí ẹni kẹrin bá tún nílò iṣẹ́ abẹ, ó tán nìyẹn. Akápò ò jalè o, ẹ kàn kéré ni.

Bí 20 ẹgbẹ́ bíi tiyín bá ń yọ 50 nínú 500 kọ̀ọ̀kan, 200,000 ni yóò máa wọ àpò àjùmọ̀ní lóṣù. Àpò yẹn ni yóò gbé ìnáwó tó bá ju agbára ẹgbẹ́ kan lọ, torí àìsàn kì í sábà dojú kọ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lóṣù kan náà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àjọ ló ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan làwọn mìíràn ń ṣe. Ìyẹn wúlò, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò tó ohun tí ẹ ó máa fi 50 fúráǹkì san.

Ilé ìwòsàn ńkọ́? Bí ẹ bá dá lọ bá wọn dúnàá-dúrà ní Pọ́bẹ̀, wọ́n á kí yín dáadáa. Bí àjọ tó ń ṣojú 4,000 ènìyàn bá lọ, wọ́n á jókòó kọ iye owó ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àjọ tún lè gba dókítà tí yóò máa yẹ ìwé owó ilé ìwòsàn wò, kí èrú má baà wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìwé ẹgbẹ́ tí fọ́tò rẹ̀ ti ṣá, tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ aládùúgbò.

Ní ti òfin, ìlànà 07/2009 ti UEMOA, ìyẹn ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè 8 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jọ ń ná fúráǹkì CFA, gba mútúẹ́ẹ̀lì láyè láti para pọ̀ di àjọ, kí àwọn àjọ náà sì tún para pọ̀. Kò sọ àjọ di ìjọba: ẹ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ fúnra yín. Bí ìjọba bá sì ń sọ̀rọ̀ ìdójútòfò ìlera ní Kútọnù, ohùn àjọ ló máa dé ibẹ̀.

Ẹ sọ fáwọn àgbà pé ìpàdé gbogbogbòò yín kò kúrò lọ́wọ́ yín, akápò yín kò sì yí padà. Aṣojú lẹ ó rán lọ dìbò. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ gba ìwé òfin wọn, kí ẹ wo iye ìbò tí ẹgbẹ́ kéékèèké ní, kí ẹ wo bí ẹgbẹ́ ṣe ń jáde àti ohun tó máa ń bá owó rẹ̀ nínú àpò. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fi ìṣirò ọdún tó kọjá hàn yín, ẹ padà sí Kétu.