Wọ́n mú àbúrò mi ní Jédà: ṣé kò kan ìjọba wa ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àbúrò mi ọkùnrin lọ ṣe Úmúrà, wọ́n sì mú un ní pápákọ̀ òfurufú Jédà. Wọ́n ní oògùn olóró wà nínú báàgì kan tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Ó búra pé òun kò rí báàgì náà rí. Àwọn ará àdúgbò ní ẹni tó bá dẹ́ṣẹ̀ ni kó jìyà rẹ̀, pé kò kan ìjọba. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó kan ìjọba gidigidi. Mo ti jókòó ti ìyá kan rí tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n lókè òkun. Fóònù wà lórí itan rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ fún un. N kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ.

Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 1963. Ó ní bí wọ́n bá mú àlejò, kí wọ́n sọ fún un láìjáfara pé ó lẹ́tọ̀ọ́ kí aṣojú ìlú rẹ̀ gbọ́. Aṣojú náà lè bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́wọ̀n, kí ó sì bá a wá lọ́yà. Nílé, ìwé òfin wa, abala 14, sọ pé ààbò àti àlàáfíà ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Kò sọ pé kìkì ẹni tó bá wà nílé.

Ní ti àwọn ará àdúgbò, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ká tiẹ̀ ní ó gbé e, ó ṣì nílò ògbufọ̀ àti lọ́yà, nítorí ẹjọ́ oògùn olóró lè di ikú ní Sáúdí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan níbẹ̀ lórí irú ẹjọ́ yìí.

Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n tú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sílẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n ti mú un, nítorí tramadol, oògùn apàrora kan tí wọ́n kà sí oògùn olóró, nínú báàgì tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Kì í ṣe Sáúdí ni òtítọ́ ti jáde, Kánò tó ti gbéra ni. NDLEA, àjọ ìjọba wa tó ń gbógun ti oògùn olóró, ló tú u fó pé àwọn kan ní pápákọ̀ ló lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹrù ẹlẹ́rù. Ìjọba wa ló wá gbé ẹ̀rí náà lọ bá Sáúdí. Pélébé ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ báàgì yẹn, tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, òun ni ẹ̀mí ọmọ náà so mọ́.

Nítorí náà, má dúró de ìdájọ́. Bí ìdájọ́ ikú bá ti fìdí múlẹ̀ tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ẹ̀bẹ̀ kò sì dà bí ẹ̀rí. Kọ̀wé lónìí sí NDLEA, sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti sí NIDCOM l'Ábújá, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun. Bèèrè àwòrán kámẹ́rà pápákọ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Bi àwọn tí wọ́n jọ lọ léèrè báàgì mélòó ló gbé sórí ìwọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ìdajì pélébé ìwé náà lọ́wọ́, yà á ní fọ́tò kí o tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.