Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí òbí kí ẹ tó ṣí ìwé yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ ní ọmọ 22 ló wà ní kíláàsì yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti ọmọ ọdún 3 dé ọdún 5, Kristẹni, Mùsùlùmí àti ilé kan tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà. Wọ́n gbé ìwé tó ti òkè òkun wá lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn ní ọdún ìgbà òtútù: Kérésì, Hanukkah (ọdún àwọn Júù), Kwanzaa (ọdún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà) àti yìnyín. Ẹ wá ń béèrè èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, àti ọjọ́ mélòó ló tó.

Èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú kò sí nínú ìwé yẹn. Ilé àwọn ọmọ náà ni. Ọmọ ọdún 3 kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀sìn. Oúnjẹ ló mọ̀, aṣọ, orin, àti ẹni tó wá kí wọn nílé. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ ọdún, yóò ní màmá àgbà se ìkọ́kọrẹ́. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí, torí ibí ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́. Ó kéré tán, kí lẹ́tà ti dé ọwọ́ òbí ní ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú. Kí ó jẹ́ Yorùbá, kí ó má ju ojú ìwé kan lọ, nítorí ìyá àgbà ló ń tọ́jú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, lẹ́tà òyìnbó yóò sì wà nínú báàgì ọmọ títí táàmù yóò fi parí. Ìbéèrè 4 péré: Ọdún wo lẹ ń ṣe nílé? Kí ni ọmọ yín kì í jẹ, lọ́wọ́ ta ni kì í sì í gba oúnjẹ? Kí ni ẹ kò fẹ́ kí ó ṣe? Ṣé ẹnì kan lè wá fi nǹkan hàn wá fún ìṣẹ́jú 15?

Ní ìbéèrè kẹta, ẹ má kọ "Ṣé ẹ gbà kí ọmọ yín kópa?" Òbí tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn á rò pé ẹ fẹ́ yí ọmọ òun lẹ́sìn padà, á sì kọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ tú u sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n máa fàmì sí i: kí ó gbọ́, kí ó wò, kí ó fọwọ́ ṣe é, kí ó jẹ ẹ́, kí ó kọrin rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ orin lè gbà kí ó gbọ́ ìtàn. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe Kérésì, wọn kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí. Àwọn Mùsùlùmí kan á jẹ ìrẹsì Kérésì, ṣùgbọ́n ọmọ wọn kò ní kọrin rẹ̀. Àwọn Kristẹni kan kì í jẹ ẹran Iléyá, bẹ́ẹ̀ ará ilé kejì ń gbé e wá lọ́dọọdún. Ẹ má sì fi orúkọ ọmọ ṣe ìwádìí yín. Ìjẹ̀bú la wà. Ṣàkírátù lè jẹ́ ọmọ ìyá tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n ìyá kan náà sì lè jẹ́ alhaja.

Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ nǹkan kan, ẹ má lé e lọ jókòó sí ọ́fíìsì. Ó máa ń dunni láti rí i. Ọmọ ọdún 4 á rò pé òun ló ṣẹ̀. Tábìlì 2 ni kí ẹ máa tẹ́ fún gbogbo ọmọ lójoojúmọ́, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa yàn. Nígbà náà ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Àwọn ọ̀gá tó ń wá yẹ iṣẹ́ wò kò ní bi yín ní ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí. Àkọlé inú ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á wọkọ̀. Bí òbí bá dé ẹnu géètì láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ariwo, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dúró síbẹ̀.

Ní ti ilé tó ń bọ òrìṣà, bàbá ọmọ náà ni kí ẹ bi pé kí ló ṣeé sọ. Ọdún Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú, Orò níbí àti ní Rẹ́mọ, ní ohun tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí. Nítorí náà, ẹ má hun ìbòjú, kí ẹ má sì fi raffia wọ ọmọ kankan pé kó máa jó bí agẹmọ. Ẹ̀kọ, obì, aṣọ, oríkì ìdílé, gbogbo ìyẹn tó. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu àwọn àǹtí yòókù: bí ọmọ bá gbọ́ "abọ̀rìṣà" pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu àgbà, òun náà á fi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde ìsinmi.

Àwọn ọmọ Mùsùlùmí kò ní ọdún kankan nínú oṣù Kejìlá lásìkò yìí. Ẹ má ṣẹ̀dá ọ̀kan fún wọn. Dípò ìyẹn, ẹ fi páálí ṣe kàlẹ́ńdà ọdún tó ń yí: ẹ gé páálí róbótó 2, ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, èkejì 30, kí ẹ fi pín-ìn-nì kan kàn wọ́n láàárín kí ti inú lè yí. Ẹ pín ti ìta sí oṣù 12: Kérésì ní 25 oṣù Kejìlá, ọdún tuntun, Ìṣẹ̀ṣe ní 20 oṣù Kẹjọ. Ìtunu Ààwẹ̀ àti Iléyá wà lórí ti inú, Iléyá á fi ìpín 2 àti díẹ̀ tẹ̀lé Ìtunu. Ọdún tí wọ́n ń fi òṣùpá kà fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí tiwa, nítorí náà lọ́dọọdún ẹ ó yí ti inú padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín kan. Iléyá bọ́ sí 16 oṣù Kẹfà ní 2024, ó bọ́ sí 6 oṣù Kẹfà ní 2025. Ní ìparí 2000, ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín Kérésì àti Ìtunu. Ní 2030, ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan. Ẹ fi ẹṣin kékeré kan sí ọjọ́ kẹta Iléyá fún Ojúde Ọba, ọjọ́ tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ń lọ kí ọba. Gbogbo ọmọ ló mọ ẹṣin, Kristẹni inú wọn sì ti rí bàbá tiwọn nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà.

Oúnjẹ tí ẹ máa sè: ìkọ́kọrẹ́, torí kò jẹ́ ti ọdún ẹlẹ́sìn kankan. Ewùrà kílò 2 tó fún ọmọ 22. Kí ọmọ máa fọ ewùrà kí ẹ tó bó o. Wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tí a ti bó, ó ń yúnni. Àgbà tó máa rin ín, kí ó fi epo pa ọwọ́. Tàtàṣé 2 láìsí rodo, epo pupa ṣíbí ìjẹun 6, omi lítà kan, edé lílọ̀, iyọ̀. Kí ọbẹ̀ hó dáadáa kí ẹ tó máa já ewùrà sí i, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10 láìrò ó. Ẹni tó bá yára rò ó á rí ọbẹ̀ tó fọ́ káàkiri. Bí ewùrà bá jẹ́ tuntun tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ po gàrí ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ ọn. Ẹja yíyan: ẹ yọ egungun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Edé ń gbòdì lára ọmọ mìíràn, ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀pà odidi, rárá.

Yìnyín? Àwọn tó kọ ìwé yẹn kò mọ̀ pé ọyẹ́ ni tiwa. Ẹ fi ìpara pa ètè ọmọ, kí wọ́n sọ bí ó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ẹ sọ pé ní London, lásìkò Kérésì, oòrùn ti wọ̀ kí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọ̀pọ̀ ọdún wọn lásìkò yẹn sì kún fún iná. Hanukkah jẹ́ alẹ́ 8. Kwanzaa, tí Maulana Karenga dá sílẹ̀ ní 1966 fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, jẹ́ ọjọ́ 7, àbẹ́là dúdú 1, pupa 3, aláwọ̀ ewé 3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì kà á. Àbẹ́là gidi kò dára nínú ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Ọ̀kan nínú Hanukkah àti Kwanzaa tó.

Bàbá Kérésì sì nìyí: kí ọmọ rí i bó ṣe ń fi irùngbọ̀n òwú sí àgbọ̀n. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ tán kó tó wọlé máa ń dẹ́rù ba ọmọ ọdún 3, ẹ má sì gbé ọmọ tó ń sunkún lé e lẹ́sẹ̀ nítorí fọ́tò tí ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ fi sórí WhatsApp.

Ẹ béèrè ọjọ́: 4, kí wọ́n tú ká sí ọ̀sẹ̀ 2, ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀kan. Ilé wọn, páálí, ìkọ́kọrẹ́, iná. Kí ti ilé wọn ṣáájú, kí iná gbẹ̀yìn.