Abẹ́rẹ́ ínsúlínì kọ́ ló gé ẹsẹ̀ wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọdún 9 nìyí tí ìyá mi ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí. Metformin àti hóró oògùn kan báyìí ni wọ́n ń lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣúgà wọn jẹ́ 16, ni dókítà bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Màmá ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní bàbá kan ládùúgbò wa níbí ní Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò tó oṣù 2 tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ wọn, àti pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, agbo wo ló lè fa ṣúgà yìí wálẹ̀ tí a ò fi ní débi abẹ́rẹ́? Iná wa náà ò sì dúró, a ò mọ ibi tí a máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ààwẹ̀ tún ti ń bọ̀.

ÌDÁHÙN: Mi ò ní dárúkọ agbo kankan fún yín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́, ìbéèrè yẹn gan-an ló wọ́. Ọ̀nà tí màmá lè gbà sá fún abẹ́rẹ́ lẹ ń bi mí. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá sá fún un ló yẹ kí ẹ bi mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo 16 yẹn, nítorí ó jọ pé kò dẹ́rù bà yín tó. Oríṣi ẹ̀rọ àyẹ̀wò 2 ló wà nígboro: ọ̀kan ń ka mmol/L, èkejì ń ka mg/dL. mmol/L ni 16 màmá. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 18, ẹ ó rí 288 ní mg/dL. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì jẹun, ṣúgà rẹ̀ kì í sábà tó 100. Tó bá ti di 126 lọ sókè láàárọ̀ kí oúnjẹ tó kan ẹnu, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó fi 16 tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní 190, kò mọ̀ pé tòun ló burú jù.

Ó kan ọ̀rọ̀ bàbá tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Kò sí àdúgbò tí kò ní irú bàbá yẹn, láti Bàbóókò títí dé Ọ̀fà, ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ, ó sì ti sú mi. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú u palẹ̀.

Ṣúgà tó bá ga fún ọdún púpọ̀ a máa ba àwọn iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́. A tún máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á kú tipiri. Onítọ̀hún á tẹ ìṣó, kò ní mọ̀. Bàtà á bó o, kò ní mọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹlòmíràn á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, awọ á ṣí, òun á máa sọ pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nítorí pé egbò ọ̀hún kò dùn ún, wọ́n á ní kò le. Wọ́n á da oyin sí i, wọ́n á bu ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi aṣọ wé e. Ìgbà tó bá ń rùn, tí ara bá gbóná, tí onítọ̀hún ò bá dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, ìgbà náà ni wọ́n tó máa gbé e wá bá wa ní wọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ yẹn, ṣúgà ti kọjá ohun tí hóró oògùn lè ká. Kòkòrò inú egbò náà tún ń tì í sókè. Ínsúlínì ni dókítà máa kọ, nítorí òun ló ń ṣiṣẹ́ kíákíá, òun la sì lè dín kù tàbí fi kún láti wákàtí dé wákàtí. Tí ẹsẹ̀ bá ti kú, wọ́n á gé e kí oró rẹ̀ má baà gba ẹ̀mí. Bí bàbá bá wá padà délé, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni àdúgbò máa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ta ló ka ọdún tó ṣáájú? Ta ló ka oṣù tí egbò ti wà lábẹ́ aṣọ? Ó dà bí ẹni tó dé ìdí ilé tó jó, tó bá àwọn panápaná níbẹ̀, tó ní àwọn ló ti iná bọ̀ ọ́. Mi ò mọ bàbá tiyín, mi ò sì yẹ ìwé wọn wò, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn bóyá egbò kò ti wà ńlẹ̀ kí wọ́n tó gún wọn.

Ohun tí ẹ̀ ń sá fún yìí, ara èmi àti ẹ̀yin ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí wọ́n ń pè ní pancreas. Òun ló ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì ló sì ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Nínú irú ìtọ̀ ṣúgà tó sábà máa ń mú àgbàlagbà, ara á kọ́kọ́ ṣorí kunkun sí ínsúlínì. Pancreas á wá máa ṣe é láṣejù títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò kọ́kọ́ mú un, agbára rẹ̀ ti lè ku ìdajì. Kí ni yóò wá kù lẹ́yìn ọdún 9? Hóró oògùn tí màmá ń lò, pancreas tó ti rẹ̀ lòmíràn nínú wọn ń nà lẹ́gba, òmíràn ń ran ínsúlínì tó kù lọ́wọ́. Bí èyí tó kù bá wá kéré, a ní láti fi kún un láti òde ni. Màmá ò ṣẹ̀, wọn ò sì jẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1921 ni Banting àti Best, àwọn olùwádìí kan, rí ínsúlínì yọ ní Toronto, ní Kánádà. Ní January 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún 14 kan tó ti rù kan egungun. Ọmọ náà yè. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọdé tí irú ìtọ̀ ṣúgà tiwọn bá mú, ikú ni, kìkì pé wọ́n ń fi ebi pa á kó lè pẹ́ díẹ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lónìí, àwọn gan-an ni kò gbọ́dọ̀ fi ínsúlínì sílẹ̀ láéláé, torí ara wọn kò ṣe é mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n aláboyún tí ṣúgà rẹ̀ ga, a ń gún un, tó bá bímọ tán, ọ̀pọ̀ wọn la ń dá a dúró fún. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, bẹ́ẹ̀ náà. Mo ti rí àgbàlagbà tó padà sí hóró oògùn nígbà tí àìsàn tó gbé ṣúgà rẹ̀ sókè lọ. Mi ò ṣèlérí ìyẹn fún màmá o, nítorí ọdún 9 kì í ṣe eré. Àmọ́ kì í di bárakú. Tó bá pọn dandan kí wọ́n máa gún un lọ, ara ló nílò rẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹ fi agbo sílẹ̀. Ewúro dára nínú ọbẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ẹnu ló mọ kíkorò, ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà nínú ike ìyá alágbo, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń lọ hóró oògùn ṣúgà mọ́ ọn, kíndìnrín lẹ ó fi san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín wà, òun ni kí ṣúgà já wálẹ̀ jù. Òógùn tútù, ìwárìrì, ebi òjijì, kí ojú máa ṣú, kí màmá máa sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Tí ẹ̀rọ bá ka ohun tí kò tó 70 mg/dL (ìyẹn 3.9 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mmol/L), ẹ po ṣúgà síbí ìpo-tíì 3 tàbí 4 sínú omi kí wọ́n mu ún kíá, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ fún wọn, ẹ má dúró wá a. Tí wọ́n bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ì báà ṣe oyin, ì báà ṣe omi àdúrà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Kí oúnjẹ sì ti wà ńlẹ̀ kí ẹ tó gún wọn. Ẹ má gún abẹ́rẹ́ tán kí ẹ wá máa ro àmàlà.

Síríńjì ínsúlínì nìkan ni kí ẹ lò, èyí kékeré tí wọ́n kọ U-100 sí lára. Ọmọkùnrin kan fi síríńjì lásán fa 1 ml fún bàbá rẹ̀, ó rò pé yúníìtì 10 nìyẹn (yúníìtì ni wọ́n fi ń wọn ínsúlínì). 100 ni. Ó wé síríńjì náà sínú bébà, ó sì fi hàn wá ní wọ́ọ̀dù, ó ṣì ń sọ pé ìlà kan ṣoṣo lòun fà. Ọlọ́run ló yọ bàbá náà. Ikùn tàbí itan ni kí ẹ ti gún, kó jìnnà sí ìdodo, kí ẹ sì máa yí ojú ibẹ̀ padà. Ibi tó bá le kókó, ẹ fi í sílẹ̀, oògùn kì í wọlé dáadáa níbẹ̀.

Ti iná kò le rárá. Ìgò tí ẹ ò tíì ṣí ló nílò fíríìjì, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kó má kan ibi tó ń di yìnyín. Èyí tó bá ti dì, ẹ dà á nù, kódà tó bá ti yọ́ padà. Ẹ lè bẹ ilé oògùn tó ní iná kí wọ́n bá yín tọ́jú rẹ̀, kí ẹ máa gba ìgò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ ti ṣí, ọ̀pọ̀ jù lọ lè wà níta fún ọ̀sẹ̀ 4 tí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 30 lọ; ẹ ka ìwé inú páálí tiyín. Ṣùgbọ́n yàrá olórùlé páànù ní Ìlọrin lóṣù kẹta kì í ṣe 30. Ẹ lọ sí Dàda, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin, ẹ ra ìkòkò amọ̀ 2, ńlá kan àti kékeré kan. Ẹ ki kékeré sínú ńlá, ẹ da yanrìn sáàárín wọn, ẹ fi omi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí oòrùn kì í pa. Inú ike gbígbẹ tó ní ìdérí ni kí ìgò wà nínú ìkòkò kékeré yẹn. Ẹ má sọ ọ́ sínú omi bí mo ti rí tí àwọn kan ń ṣe, tí ìwé ara rẹ̀ á ṣí tí wọn ò ní mọ èwo ni èwo. Ìkòkò yìí ń tutù dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lójò, agbára rẹ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n ooru náà ti dín kù nígbà yẹn.

Ti ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kí ó sì tó oṣù kan ó lé kí ààwẹ̀ tó wọlé. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, tèmi ni kó má gbà á lọ́dún yìí.

Mi ò kọ iye yúníìtì síbí, mi ò sì ní kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí mi ò rí. Dókítà tó yẹ màmá wò ló ni ìyẹn. Tí wọ́n bá ń bì, tí wọn ò lè jẹun, ẹ má dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra yín, ẹ gbé wọn lọ bá a lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kílíníìkì, ẹ mú síríńjì àti ìgò yẹn dání, kí ẹ fà á lójú nọ́ọ̀sì kó rí bí ẹ ṣe ń ṣe é. Kí màmá bọ́ bàtà wọn sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, kí nọ́ọ̀sì wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Tí kò bá wò ó, ẹ ní kó wò ó.